Pòtétò Elése Àlùkò, Aláró àti Pupa Nínú Ìkòkò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Pòtétò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni èyí tí àwọn kan ń pè ní ànàmọ́ òyìnbó, kì í ṣe ọ̀dùnkún aládùn. Ìbéèrè tó ń wá nípa àwọn aláwọ̀ pọ̀ ju ti funfun lọ, ìdí rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: torí àwọ̀ ni wọ́n ṣe rà á, àwọ̀ náà sì ti sá lọ kí oúnjẹ tó dé inú àwo.

Ṣé wọ́n rẹ pòtétò yìí láró ni, àbí bó ṣe hù nìyẹn?

Bó ṣe hù nìyẹn. Orí òkè Andes, ní Peru àti Bolivia, ni pòtétò ti ṣẹ̀ wá, oríṣi ìbílẹ̀ tó lé ní 4,000 ló sì wà lágbègbè ibẹ̀. Funfun tí gbogbo ayé wá mọ̀ jẹ́ ọmọ kan péré nínú agbo ilé ńlá.

Èròjà tó ń kun inú elése àlùkò àti inú pupa ni àwọn onímọ̀ ń pè ní anthocyanin. Òun náà ló wà lára èso àjàrà dúdú àti kábéèjì pupa. Inú yẹ́lò ní tirẹ̀, carotenoid ló kùn ún, ìdílé kan náà pẹ̀lú àwọ̀ kárọ́ọ̀tì. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn: anthocyanin máa ń yọ́ sínú omi, ohun kíkan sì máa ń yí i padà, carotenoid kì í yọ́ sínú omi, ohun kíkan kò sì rí i gbé ṣe. Nítorí náà, pòtétò yẹ́lò bíi Yukon Gold kò ní wàhálà kankan tí funfun kò ní. Gbogbo ọ̀rọ̀ àwọ̀ tó kù nísàlẹ̀ yìí, ti elése àlùkò àti ti pupa ni.

Èwo ni kí n rà?

Ẹ má fi èèpo nìkan ṣe ìdájọ́. Èèpo Purple Viking jẹ́ elése àlùkò tó ń dán, àmọ́ bí ẹ bá là á, funfun ni inú rẹ̀. Èèpo Shetland Black dúdú, inú rẹ̀ sì funfun bíi bọ́tà, òrùka elése àlùkò kan ló kàn yí i ká. Àwọn tí àwọ̀ wọn dénú ni Vitelotte, tí wọ́n ti ń gbìn ní Faransé láti ọ̀rúndún 19, All Blue, Purple Majesty, àti Adirondack Blue tí Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2003. Láàárín àwọn onínú pupa, ẹ wá Highland Burgundy Red tàbí Adirondack Red. Bí ẹni tó ń tà á bá gbà, kí ẹ la ẹyọ kan wò kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn àwọ̀, ohun tó kàn ni bóyá ó jẹ́ oníyẹ̀fun tàbí èyí tó máa ń dì mú. Oníyẹ̀fun ni sítáàṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó máa ń fọ́ bó bá jinná, ó sì dára fún títẹ̀ àti dídín. Èyí tó ń dì mú kì í tú ká, òun ni ti sàláàdì àti ọbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláwọ̀ wà láàárín méjèèjì. Bí orúkọ kò bá sí lára àpò rẹ̀, ẹ po ife iyọ̀ kan mọ́ ife omi 11, kí ẹ ju odindi pòtétò kan sínú rẹ̀. Bó bá rì, oníyẹ̀fun ni. Bó bá léfòó, ó ń dì mú.

Mo sè é, omi di aró, pòtétò fúnra rẹ̀ sì ṣá. Kí ni mo ṣe?

Ó jọ pé ẹ hó èèpo rẹ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sì gbé e kaná nínú omi tó pọ̀. Bí ooru bá ti wọ pòtétò lára, awọ tó pa aró náà mọ́ sínú rẹ̀ yóò tú, aró yóò sì gba gbogbo ojú ibi tí ọ̀bẹ ti kàn án jáde sínú omi. Bí ẹ bá ṣe gé e kéré tó ni ọ̀nà àbájáde yóò ṣe pọ̀ tó.

Ọ̀nà tó dára jù lójú tiwa ni kí ẹ fi oru omi sè é. Ẹ bu omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sínú ìkòkò, kí ẹ gbé ajere tàbí asẹ́ irin lé e lórí, kí omi má sì kan pòtétò. Ẹ fọ pòtétò dáadáa, ẹ má hó èèpo rẹ̀, ẹ má gún un. Kí ẹ yan àwọn tí wọn kò ju ara wọn lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ dé e pinpin lórí omi tó ń hó. Odindi yóò gbà tó ìṣẹ́jú 25 sí 30. Èyí tí ẹ là sí méjì yóò gbà tó 15 sí 18. Ọ̀bẹ tín-ín-rín ni kí ẹ fi dán an wò, torí ojú kò lè sọ fún yín bóyá elése àlùkò ti jinná. Bí ọ̀bẹ bá wọlé tó sì jáde láì fà á sókè, ó ti tó.

Bó bá jẹ́ pé inú omi lẹ fẹ́ sè é sí, odindi tòun tèèpo ni. Omi tútù lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, kó bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 2 péré, iyọ̀ gíráàmù 10 sí lítà kan. Bó bá ti hó, ẹ dín iná kù kó máa rọra hó fún ìṣẹ́jú 20 sí 25. Híhó gidigidi ló ń ya èèpo. Ẹ da omi rẹ̀ nù lójú ẹsẹ̀, torí tó bá jókòó sínú omi gbígbóná lẹ́yìn tó ti jinná, yóò máa rẹ̀ nìṣó ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ fi aṣọ dì í mú, kí ẹ bó èèpo rẹ̀ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Máíkírówéfù náà kò burú rárá, nítorí kò sí omi tí aró lè sá sí. Fún gíráàmù 500, ẹ fi fọ́ọ̀kì gún ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì (níbí, gígún pọn dandan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè bẹ́), ẹ bu ṣíbí omi méjì sí abẹ́ rẹ̀, ẹ dé e, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 7 sí 9, kí ẹ sì yí i padà láàárín méjì.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, àwọ̀ yóò ṣì rọ̀ díẹ̀ ju ti tútù lọ. Àwọn onínú pupa ló máa ń ṣá jù. Pupa tó rẹ̀ dòdò ní tútù lè di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bó bá jinná. Ẹ má retí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Kí ló dé tí tèmi di àwọ̀ ewé, tí ti ẹlòmíì sì di pupa, nígbà tó jẹ́ inú àpò kan náà la ti mú un?

Agbe ló laró, àlùkò ló losùn; pòtétò yìí ń yá lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bó bá bọ́ sínú ohun kíkan, osùn ni yóò gbé wọ̀, yóò pọ́n. Bí kò bá sí kíkan, elése àlùkò ni yóò jẹ́. Bó bá wá bọ́ sínú ohun tó jẹ mọ́ kánún, aró ni yóò gbé wọ̀, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé, bó bá sì pẹ́ níbẹ̀, àwọ̀ náà yóò bàjẹ́ di yẹ́lò ràkọ̀ràkọ̀ tí kò ṣeé wò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé àwọn ti fi irú nǹkan bí kánún sí oúnjẹ. Omi tó máa ń fi ẹfun funfun sílẹ̀ sí inú kẹ́tù jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Baking soda ni ìkejì, ìkẹta sì ni funfun ẹyin, èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Ìkòkò náà lè dá sí ọ̀rọ̀: irin tí a kò fi nǹkan bò nínú àti alumíníọ̀mù máa ń dì mọ́ aró yìí, wọ́n á sọ ọ́ di àwọ̀ eérú. Ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, tàbí ti gíláàsì, tàbí ti amọ̀ tó ń dán kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn bí kò bá tíì pẹ́: ẹ bu ṣíbí kan sọ́tọ̀, kí ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀kán méjì sí i, kí ẹ pò ó. Bí àwọ̀ bá padà, ẹ ṣe ìyókù bẹ́ẹ̀. Bí kò bá padà, aró ti bàjẹ́, kò sí ohun tí ọsàn lè ṣe sí i mọ́. Ó ṣì ṣeé jẹ.

Fínígà mélòó ni kí n fi sínú omi tí mo fi ń sè é?

Ṣíbí ìjẹun kan, ìyẹn mìlílítà 15, sí lítà omi kan. Ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíkan máa ń mú kí ohun tó so ara pòtétò pọ̀ le sí i, tó bá sì pọ̀ jù, ẹ lè sè é títí kí àárín rẹ̀ ṣì máa ró kàù lẹ́nu. Fún sàláàdì, líle yìí gan-an la fẹ́, torí kò ní jẹ́ kó fọ́. Ẹ fi fínígà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún pòtétò títẹ̀, ẹ má fi sí omi rárá. Ẹ̀yìn tó bá ti jinná ni kí ẹ fi kíkan díẹ̀ sí i.

Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú mílíìkì àti bọ́tà, àwọ̀ eérú ló máa ń yọ. Ṣé ọ̀nà àbáyọ wà?

Wà. Mílíìkì funfun, ẹni tó bá sì da funfun pọ̀ mọ́ aró mọ ohun tí yóò rí. Ìwọ̀n tó máa ń yọrí sí rere fún kílò kan pòtétò oníyẹ̀fun nìyí: òróró ólífì mìlílítà 60, bọ́tà gíráàmù 30, omi tí pòtétò fi jinná tàbí omi ẹ̀fọ́ gbígbóná mìlílítà 100, iyọ̀ gíráàmù 8, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí tíì kan. Ẹ fi oru omi sè é, ẹ bó o, ẹ tẹ̀ ẹ́ gba ojú asẹ́ tàbí kí ẹ fi igi tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná. Òróró àti bọ́tà ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà omi, díẹ̀díẹ̀. Ọsàn ni kó gbẹ̀yìn. Bí ẹ ṣe ń pò ó ni ẹ ó máa rí i tí àwọ̀ ń jí.

Bí ẹnu yín kò bá lè ṣe aláìní mílíìkì, kó má ju mìlílítà 80 lọ, kó gbóná, kí ẹ sì fara mọ́ elése àlùkò tó rọ̀.

Ẹ má ṣe gbé e sínú ẹ̀rọ ìlọta. Abẹ rẹ̀ máa ń ya sítáàṣì jáde, pòtétò náà á sì máa fà bíi gọ́ọ̀mù. Àṣìṣe yìí kò ní àtúnṣe, yálà ó jẹ́ funfun tàbí aláwọ̀.

Mo fẹ́ ṣe sàláàdì aláwọ̀ mẹ́ta: funfun, pupa àti elése àlùkò. Báwo ni n kò ṣe ní jẹ́ kí wọ́n kun ara wọn?

Ìkòkò kan náà kọ́. Ẹ sè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìkòkò kan ṣoṣo bá wà, funfun ni kó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà pupa, kí elése àlùkò gbẹ̀yìn. Wọn kì í sáàbà jinná ní ìṣẹ́jú kan náà, nítorí náà yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ń gbà yín lọ́wọ́ ìṣòro méjì.

Bí wọ́n bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gé wọn sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2, kí ẹ sì fi fínígà àti iyọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú abọ́ tirẹ̀. Gbígbóná ló máa ń mu fínígà wọlé. Bó bá ti tutù, òkè ara rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò dúró sí. Fún gíráàmù 300, ṣíbí ìjẹun kan tó. Ẹ ó rí i tí etí elése àlùkò ń pọ́n, èyí kì í ṣe àbùkù. Òróró ni kí ẹ fi bo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìyẹn, torí aró tó ń yọ́ sínú omi kì í rìn nínú òróró. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ ni kí ẹ tó da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Kó má pẹ́ ju wákàtí méjì lọ níta kó tó wọ fíríìjì, kó má sì ju ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ níbẹ̀.

Dídín ńkọ́? Mi ò mọ ìgbà tó jinná, torí ó ti dúdú tẹ́lẹ̀.

Ìṣòro gidi nìyí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jó o. Ẹ gé pòtétò funfun kan ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ jù ú sínú òróró pẹ̀lú wọn kó ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ẹlẹ́rìí bá ti pọ́n bíi wúrà, àwọn tó kù náà ti tó. Etí náà lè sọ fún yín: omi inú pòtétò ló ń pariwo nínú òróró, nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀ tí èéhó òróró sì dín kù, omi ti ń tán.

Fún èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó dín in: ìṣẹ́jú 5 nínú òróró 150°C, kí ẹ kó o jáde kó sinmi fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 2 sí 3 nínú òróró 185°C. Fún èyí tó tẹ́ bíi bébà, mìlímítà 1.5 ni kí ẹ gé e sí. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan nínú omi tútù kí sítáàṣì òde rẹ̀ lè lọ, ẹ má rẹ ẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí bí ẹ ti ń ṣe funfun, ẹ ó pàdánù àwọ̀. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì dín in ní 165°C.

Bó bá dúdú tó sì korò kí ẹlẹ́rìí tó pọ́n, ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo ìdáhùn lórí fíríìjì nísàlẹ̀.

Sísun nínú ófùnù?

Kò le rárá. Ẹ là á sí méjì, ẹ fi òróró ṣíbí ìjẹun méjì ra kílò kan, ẹ da ojú tí ọ̀bẹ kàn bolẹ̀ lórí páànù, 210°C fún ìṣẹ́jú 35 sí 40. Aró kò rí omi sá sí, nítorí náà àwọ̀ inú rẹ̀ máa ń jinlẹ̀ ju ti sísè lọ, bí òde rẹ̀ tilẹ̀ pọ́n.

Mo fi ṣe búrẹ́dì, ó dára. Mo fi ṣe kéèkì, ó di àwọ̀ ewé. Kí ló fà á?

Ìyẹ̀fun tí yíìsì wú máa ń kan díẹ̀, kíkan yẹn ló dá àwọ̀ sí. Baking soda tàbí baking powder inú kéèkì ló sọ tìkejì di ewé, funfun ẹyin sì tún kún un. Bó bá jẹ́ baking soda nìkan ni ìlànà náà lò, ẹ fi wàrà kíkan dípò mílíìkì lásán. Fún àwọn ìṣù ìyẹ̀fun pòtétò kéékèèké tí wọ́n ń sè nínú omi, pupa ẹyin nìkan ni kí ẹ lò, ẹyọ kan sí gíráàmù 500 pòtétò, kí ẹ fi funfun rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn.

Ó jinná dáadáa, àmọ́ nígbà tó tutù, apá kan di dúdú.

Èyí kò kan aró. Ó máa ń ṣe funfun náà, ìgbà tó bá ṣe aláwọ̀ ni wọ́n máa ń ro pé àwọ̀ ló jẹrà. Irin tó wà nínú pòtétò fúnra rẹ̀ ló dì mọ́ èròjà kan nígbà tó ń jinná, afẹ́fẹ́ sì sọ ọ́ di dúdú bó ṣe ń tutù. Kò léwu. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ bá fi pa á lára nígbà tó ṣì gbóná máa ń dá a dúró.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí oòrùn ti pa, nígbà tí èèpo dúdú?

Ibi tí pòtétò aláwọ̀ ti léwu ju funfun lọ nìyí. Pòtétò tó bá rí ìmọ́lẹ̀ máa ń yọ àwọ̀ ewé, májèlé tí wọ́n ń pè ní solanine sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ lásìkò kan náà. Lára funfun, ojú yóò rí i. Lára elése àlùkò, èèpo ti bò ó. Ẹ fi èékánná ha èèpo díẹ̀ níbi mẹ́ta: bí abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ má rà á. Bó bá ti wà nílé, tí ewé náà kò sì ju ibi kékeré kan lọ, ẹ gé ibẹ̀ kúrò pẹ̀lú àyè tó fẹ̀ yí i ká, kí ẹ yọ gbogbo ojú tó ń hù. Bó bá ti tàn káàkiri, ẹ dà á nù. Síse, sísun àti dídín kì í pa májèlé yìí tán. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò tó sì korò tàbí tó ń ta yín lọ́fun, ẹ tu ú dànù.

Ṣé kí n kó o sínú fíríìjì?

Rárá o. Ibi tó ṣókùnkùn, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ wà láàárín 7 sí 10°C ló yẹ ẹ́. Nínú fíríìjì, sítáàṣì rẹ̀ ń di ṣúgà; bí ẹ bá wá dín in, ṣúgà yẹn ló ń jó dúdú, èròjà acrylamide tí a kò fẹ́ sì ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùbọ́sà.

Ṣé ó ń ṣe ara lóore ju funfun lọ?

Sítáàṣì, fítámì C àti pòtásíọ́ọ̀mù inú wọn sún mọ́ra. Anthocyanin ni aláwọ̀ fi jù. Oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn. Ìtọ́wò rẹ̀ náà kò jìnnà sí ti funfun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Vitelotte máa ń ní adùn bíi ti ẹ̀pà díẹ̀.

Mi ò rí i rà. Ṣé mo lè fi ọ̀dùnkún elése àlùkò tàbí ewùrà elése àlùkò rọ́pò rẹ̀?

Fún àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Fún oúnjẹ, ó yàtọ̀. Mẹ́ta wọ̀nyí kì í ṣe ẹbí kan náà lóko. Ọ̀dùnkún ní ṣúgà púpọ̀, ó tètè ń jó nínú òróró. Ewùrà ní omi, ó sì ń yọ̀. Òfin kíkan àti kánún kan gbogbo wọn.

Omi aró tó kù nínú ìkòkò ńkọ́? Ṣé kí n dà á nù?

Bí èèpo kò bá ní àwọ̀ ewé lábẹ́, ẹ má dà á nù. Ẹ fi po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, tàbí kí ẹ fi ṣe omi ọbẹ̀. Ẹ kàn rántí iyọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀. Ó lè lo ọjọ́ méjì nínú fíríìjì. Bí àwọn ọmọdé bá sì wà nílé, ẹ pín in sí ife mẹ́ta, ẹ kán ọsàn sí ọ̀kan, ẹ fi baking soda díẹ̀ sí ìkejì, kí ẹ fi ìkẹta sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n máa wò ó.